Lé àti Dín: Bí Àwọn Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù Ṣe Tò Nínú Átọ́ọ̀mù

Bí èèyàn bá sọ pé Yorùbá ni òun ń kà ní yunifásítì, ẹ̀yin náà mọ ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e. "Yorùbá kẹ̀? Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Ó ti mọ́ wa lára. Èyí tí kò mọ́ mi lára ni ọ̀rọ̀ tí àbúrò mi obìnrin sọ nígbà tí mo lọ sílé fún ìsinmi. SS3 ló wà. Láti kékeré ló ti ń sọ pé nọ́ọ̀sì ni òun máa ṣe, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń rí màbo lọ́wọ́ kẹ́mísìrì. Nígbà tí èsì ìdánwò àṣewò ilé-ìwé wọn jáde, ó sọ fún Màámi pé òun máa yí ohun tí òun fẹ́ kà padà nínú fọ́ọ̀mù JAMB. Ó ní, "Màá kúkú lọ ka Yorùbá bíi ti Bọ̀dá mi."

Kò sọ ọ́ láti fi bú mi, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí. Lójú tirẹ̀, ẹ̀ka wa ni ibi tí èèyàn ń sá sí bí iṣẹ́ tó le bá lé e. Mo dá a lóhùn pé bó bá wù ú kó wá, àyè wà, a ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ṣùgbọ́n kò ní sá wá. Mo ní kó lọ mú ìwé kẹ́mísìrì rẹ̀ wá. Sáyẹ́ǹsì ni èmi náà ṣe ní sẹ́kọ́ńdírì, mo sì gba B3 nínú kẹ́mísìrì, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń ṣiyèméjì.

Orí ìwé tó ti há sí ni èyí tó sọ bí àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe tò nínú átọ́ọ̀mù. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ó mọ̀ ọ́n kì. Bí mo ṣe ní kó bẹ̀rẹ̀, ṣe ló ń dà á bọ̀ láìmí: 1s², 2s², 2p⁶, 3s², 3p⁶, 4s², 3d¹⁰. Mo béèrè pé kí ni s. Ó ní s ni. Mo béèrè ohun tó dé tí 4s fi ṣáájú 3d nígbà tó jẹ́ pé mẹ́ta ló ṣáájú mẹ́rin. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sójú pátákó. Oríkì ló ń kì, kò mọ ẹni tó ni ín.

Ẹ jẹ́ kí n rán àwọn tó ti gbàgbé létí ní ṣókí. Bí a bá ń gé wúrà sí wẹ́wẹ́, tí a gé e títí a fi dé ibi tó jẹ́ pé bí a bá tún gé e kò ní jẹ́ wúrà mọ́, átọ́ọ̀mù wúrà nìyẹn. Láàárín átọ́ọ̀mù ni núkílíọ́ọ̀sì wà, níbi tí àwọn pirótọ́ọ̀nù àti niútírọ́ọ̀nù kóra jọ sí. Àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ló yí i ká. Iye pirótọ́ọ̀nù ló ń sọ ohun tí átọ́ọ̀mù kan jẹ́: ọ̀kan ni ti háídírójìn, mẹ́fà ni ti carbon, mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni ti wúrà. Nínú átọ́ọ̀mù tí kò tíì fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan, tí kò sì tíì gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, iye ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù àti iye pirótọ́ọ̀nù dọ́gba.

J. J. Thomson ló ṣàwárí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ní Cambridge ní 1897. Ní 1911, Ernest Rutherford, tó wà ní Manchester nígbà náà, fi hàn pé ojú kan ṣoṣo láàárín ni ìwúwo átọ́ọ̀mù fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo ara rẹ̀ jọ sí. Bí átọ́ọ̀mù háídírójìn bá fẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù, núkílíọ́ọ̀sì rẹ̀ kò ní tó hóró àgbàdo. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ló ni gbogbo pápá tó kù. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń yí po bí ayé ṣe ń yí oòrùn po, ó yẹ kí agbára máa jò kúrò lára rẹ̀, kó sì já lu núkílíọ́ọ̀sì ní ìṣẹ́jú akàn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, tábìlì tí mo ń kọ̀wé lórí rẹ̀ kò tíì rún wómúwómú. Ní 1913 ni Niels Bohr, ọmọ ilẹ̀ Denmark, dá a lábàá pé àwọn ìpele kan pàtó ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lè wà, kò sì sí ibùdúró láàárín ìpele kan sí èkejì. Ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn lè dúró sórí ìkẹta tàbí ìkẹrin, kò lè dúró sórí ìkẹta-ààbọ̀.

Àwọn olùkọ́ máa ń fi lẹ́tà K, L, M, N pe àwọn ìpele yìí. Àbúrò mi fẹ́ mọ ìdí tí wọn kò fi bẹ̀rẹ̀ láti A, ìbéèrè tó dára ni. Charles Barkla ló sọ wọ́n ní K àti L níbi tó ti ń ṣèwádìí X-ray. Ó rò pé òmíràn lè wà ṣáájú wọn tí wọn kò tíì rí, ló bá fi àyè sílẹ̀ dè wọ́n. Títí di òní, kò sí nǹkan kan ṣáájú K. Ti s, p, d, f tún wá burú ju ìyẹn lọ: sharp, principal, diffuse àti fundamental ni, orúkọ tí àwọn tó ń wo ìlà ìmọ́lẹ̀ ní ayé àtijọ́ fi ń ṣàpèjúwe bí ìlà wọ̀nyẹn ṣe rí lójú wọn. Kò sí ìtumọ̀ gidi kan nínú wọn tó ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ mọ́. Nígbà tó gbọ́ èyí, ó mí kanlẹ̀. Ó ti ń rò pé òun nìkan ni kò yé.

A wá fi lẹ́tà sílẹ̀, a mú ilé. Àpèjúwe náà kò jìnnà, torí Aufbau ni wọ́n ń pe ìlànà yìí, ọ̀rọ̀ Jámánì tó túmọ̀ sí mímọ nǹkan sókè, bí a ṣe ń mọ ògiri láti ìsàlẹ̀. Ìpele ni a pe K, L, M. Nínú ìpele kọ̀ọ̀kan ni ojúlé wà, nínú ojúlé kọ̀ọ̀kan ni yàrá wà. Ojúlé s ní yàrá kan, ojúlé p ní mẹ́ta, ojúlé d ní márùn-ún, ojúlé f ní méje. Ìpele kìíní ní ojúlé s nìkan. Ìkejì ní s àti p. Ìkẹta ní s, p àti d. Ìkẹrin ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Yàrá kan kì í gbà ju ẹni méjì lọ. Ẹ kà á fúnra yín: ìpele kìíní á gba 2, ìkejì á gba 8, ìkẹta á gba 18, ìkẹrin á gba 32. Àwọn nọ́ńbà tí wọ́n ní kó há sórí láti SS1 nìyẹn, ó sì kà wọ́n jáde fúnra rẹ̀ lórí ẹ̀yìn ìwé kalẹ́ńdà.

Ìdí tí yàrá kan kò fi lè gbà ju méjì lọ ni òfin tí Wolfgang Pauli gbé kalẹ̀ ní 1925: kò sí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì nínú átọ́ọ̀mù kan tó lè bára mu délẹ̀délẹ̀. Bí méjì bá máa gbé yàrá kan, ìyípo wọn gbọ́dọ̀ yàtọ̀, kí ọ̀kan kọjú sókè, kí èkejì kọjú sísàlẹ̀. Ẹni kẹta kò ní ọ̀nà mìíràn tó lè gbà yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì, kò sì ríbi wọlé. Hostẹ́ẹ̀lì tí squatter kò lè wọ̀ nìyẹn o. Òfin Hund ló tẹ̀ lé e: bí yàrá bá ju ẹyọ kan lọ nínú ojúlé, kálukú á kọ́kọ́ gba tirẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lọ bá ẹlòmíràn gbé. Èyí kò gba àlàyé púpọ̀ fún ẹni tó ti wọ ọkọ̀ rí ní gáréèjì. Bí àga bá ṣófo, ta ló ń lọ fún mọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí? Àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù máa ń ti ara wọn ni, torí pé irú iná kan náà ló wà lára gbogbo wọn. Náítírójìn ní mẹ́ta nínú ojúlé p rẹ̀, ẹnì kan nínú yàrá kan. Ọ́síjìn ní mẹ́rin níbẹ̀, ìkẹrin kò sì rí yàrá òfìfo mọ́, àfi kó lọ bá ọ̀kan gbé.

Gbogbo èyí ṣì jẹ́ ohun tí olùkọ́ tó mọṣẹ́ lè ṣàlàyé lédè èyíkéyìí. Ibi tí Yorùbá fúnra rẹ̀ ti dá sí ọ̀rọ̀ náà ni mo torí rẹ̀ kọ àròkọ yìí.

Neon ni nọ́ńbà kẹwàá. Ó ní méjì ní ìpele kìíní, mẹ́jọ ní ìkejì, ilé sì kún. Kò tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì sí ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu tó fẹ́ gbé fún ẹlòmíràn. Sodium ló tẹ̀ lé e. Mo ní kí àbúrò mi sọ nọ́ńbà sodium fún mi ní Yorùbá. Ó ní mọ́kànlá. Mo ní kó tú u. Kò mọ̀ pé ó ṣeé tú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jókòó ní kíláàsì mofọ́lọ́jì mọ̀ pé ọ̀kan lé ẹ̀wá ni. Mo ní, "Ọ̀kan lé ẹ̀wá. Ta ni ẹ̀wá?" Ó wo àtẹ inú ìwé rẹ̀. "Neon." "Ọ̀kan tó lé ńkọ́?" Ó dákẹ́, ó wá rẹ́rìn-ín. Sodium ni neon tí ọ̀kan lé lórí rẹ̀, ọ̀kan náà sì dá wà ní ìpele kẹta. Méjìlá, magnesium: méjì lé. Mẹ́tàlá, aluminium: mẹ́ta lé. Ohun tó bá lé náà ni àwọn mẹ́táàlì wọ̀nyí máa ń jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Mẹ́rìnlá, silicon: mẹ́rin lé, ṣùgbọ́n mẹ́rin náà ló kù kí ojúlé s àti p ìpele náà kún. Kò rọrùn láti lé mẹ́rin jáde, kò sì rọrùn láti gba mẹ́rin wọlé, nítorí náà ṣe ló ń bá àwọn aládùúgbò pín in lò. Òun àti ọ́síjìn ló di yanrìn tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn mẹ́rìnlá, kí ni Yorùbá ń ṣe? Ó yí ohùn padà. Kò sọ pé márùn-ún lé ẹ̀wá. Ó ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àrún dín ní ogún. Láti ibẹ̀ lọ, ohun tó kù kí nǹkan pé ni a ń kà, a kò ka ohun tó lé mọ́. Ibẹ̀ gẹ́lẹ́ náà ni àwọn átọ́ọ̀mù ti yí ohùn padà. Phosphorus ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, sulphur ni mẹ́rìndínlógún, chlorine ni mẹ́tàdínlógún, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í sì í ṣe mẹ́táàlì. Bí wọ́n bá pàdé mẹ́táàlì, gbígbà ni wọ́n máa ń gbà. Ohun tí wọ́n ṣe aláìní ni ìwà wọn.

Ogún kọ́ ni wọ́n ń lé bá ṣá o, èjìdínlógún ni, ìyẹn argon, níbi tí ojúlé s àti p ìpele kẹta ti kún. Mo ní kó máa yọ méjì nínú ohun tí Yorùbá bá sọ pé ó dín. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: márùn-ún ló dín, yọ méjì, ó ku mẹ́ta, mẹ́ta sì ni phosphorus ń wá. Mẹ́rìndínlógún: sulphur ń wá méjì. Mẹ́tàdínlógún: chlorine ń wá ọ̀kan. Méjìdínlógún: kò ku nǹkan kan, argon kò wá nǹkan. Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Òun ló fà á síwájú. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ọ̀kàndínlógún ńkọ́? Ọ̀kan ló dín, ẹ ní kí n yọ méjì." Mo ní kó yọ ọ́. Ó ní kò tó yọ, ó di pé ó fi ọ̀kan lé. Ó wo àtẹ: potassium, tó máa ń fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan sílẹ̀. Ogún: calcium, tó máa ń fi méjì sílẹ̀. Ó pariwo débi pé Màámi yọjú láti ilé ìdáná láti wo ẹni tó ṣe é léṣe.

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé eré ọ̀rọ̀ lásán ni, ẹ wo ohun tí wíwọ̀n sọ. Láti já ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan gbà lọ́wọ́ sodium, a nílò nǹkan bí 496 kilojúùlù fún móòlù kan. Láti já èkejì gbà, ó di 4,562, ó lé ní ìlọ́po mẹ́sàn-án. Magnesium ní tirẹ̀ jọ̀wọ́ ìkíní fún 738 àti ìkejì fún 1,451, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ìkẹta á san 7,733. Ọwọ́ ti kan neon nìyẹn. Ohun tó lé kò nira láti gbà. Ohun tó wà nínú ẹ̀wá tó ti pé ni ó ń jà fún.

Ó sì tún ṣeé fojú rí. Nínú ilé ìdáná wa, bí omi ẹ̀wà tí a ti fi iyọ̀ sí bá ru dà sórí iná gáàsì, iná tó ń jó bí aró tẹ́lẹ̀ á di pupa rúsúrúsú bí epo ẹyìn tí a là mọ́mi, tàbí kí n kúkú sọ pé ó di àwọ̀ ìyeyè. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo tó lé lórí neon nìyẹn. Ooru iná gbé e láti 3s lọ sí 3p, nígbà tó sì já bọ́ padà ó sọ agbára tó gbà sílẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀, ìgbì rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 589 nánómítà. Ibi tó ti gbéra àti ibi tó bọ́ sí kì í yí padà, ìdí nìyẹn tí àwọ̀ náà kì í fi í yí padà. Ìmọ́lẹ̀ yìí kan náà ló ń tàn láti inú àwọn gílóòbù òpópónà tó ní sodium nínú. Láti ọjọ́ náà, ó jọ pé àbúrò mi ń mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ẹ̀wà ru dà.

Iyọ̀ náà ńkọ́? Inú òróró ni wọ́n máa ń tọ́jú ojúlówó sodium sí ní yàrá àyẹ̀wò, torí bó bá fara kan omi, iná lè sọ. Chlorine ni gáàsì tí ọmọ ogun Jámánì tú sílẹ̀ ní Ypres, ní ilẹ̀ Belgium, ní 1915, láti fi pa àwọn tó wà nínú kòtò lódìkejì. Ọ̀kan ní ẹyọ kan tó lé, èkejì ní ẹyọ kan tó dín. Bí ẹyọ kan yẹn bá ti kúrò lọ́wọ́ ìkíní dé ọwọ́ ìkejì, ó parí, a lè bù ú sínú ọbẹ̀.

Mo fẹ́ padà sórí potassium díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìdáhùn sí ìbéèrè 4s àti 3d wà. Lẹ́yìn argon, ojúlé d ìpele kẹta ṣì ṣófo, ọ̀kàndínlógún ì bá sì wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú potassium, ojúlé s ìpele kẹrin kò gba agbára tó ojúlé d ìpele kẹta. Ibi tó rọ̀ jù ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń lọ, nọ́ńbà tó wà lára ilẹ̀kùn kò kàn án. Potassium gba 4s, calcium sì kún un. Ohun kan tó dùn mọ́ mi nípa potassium ni pé ojúlé eérú ló ti wá. Orúkọ rẹ̀ wá láti ara potash, eérú inú ìkòkò. Láti ara ọ̀rọ̀ Lárúbáwá fún eérú igi ni K tó dúró fún un lórí àtẹ ti wá, kò sì bá K ti Barkla tan. Humphry Davy fi iná mànàmáná yọ ọ́ sọ́tọ̀ ní 1807. Àwọn ìyá wa tó ń sun èèpo kòkó, tí wọ́n ń sẹ́ eérú rẹ̀ láti fi se ọṣẹ dúdú, potassium yìí náà ni wọ́n ń lò. Ìdí tó fi máa ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ẹyọ kan tó lé yẹn.

Lẹ́yìn ogún, Yorùbá tún bẹ̀rẹ̀ lé. Mọ́kànlélógún, scandium: ọ̀kan nínú ojúlé d. Méjìlélógún, titanium: méjì níbẹ̀. Mẹ́tàlélógún, vanadium: mẹ́ta. Ojúlé d gba mẹ́wàá, kíkún rẹ̀ sì bọ́ sí ọgbọ̀n, síǹkì, èyí tí wọ́n ń fi bo irin páànù kó má baà dípẹtà. Láti mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, a tún yí sí dín. Irin ni mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n: mẹ́rin ló kù kí ojúlé d rẹ̀ kún, ó sì ní mẹ́fà níbẹ̀. Mo tọ́ka sí i fún àbúrò mi ní pàtàkì, torí irin tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń di ọ́síjìn mú tó ń gbé e kiri ara, irin náà sì ń ṣe é pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ojúlé d yẹn. Nọ́ọ̀sì tó bá ń fún aláboyún ní oògùn ẹ̀jẹ̀, òun àti mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín ti fẹ́ sọ báyìí. Ẹ fẹ́ sọ pé àwọn baba ńlá wa ti mọ̀ nípa átọ́ọ̀mù kí òyìnbó tó dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ogún ni iye ìka ọwọ́ àti ìka ẹsẹ̀ èèyàn kan, owó ẹyọ ni wọ́n sì ń kà, wọn kò ka ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni pé ẹ̀wá, ogún àti ọgbọ̀n bọ́ sí ibi tí ojúlé kan ti kún. Nígbà tí a bá dé ogójì, kò bá a mu mọ́: zirconium wà níbẹ̀, méjì péré ló sì wà nínú ojúlé d rẹ̀. Mo gbọ́ irú ìgbéraga yẹn púpọ̀ láàárín àwa tí a ń kọ́ Yorùbá, kì í sì í ṣe wá láǹfààní kankan. Ohun tí mo ń sọ kéré sí ìyẹn, ó sì dá mi lójú jù ú lọ. Èdè wa ti kọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà láti máa wo nọ́ńbà kan kó sì béèrè bóyá ohun tó lé ló yẹ kó kà tàbí ohun tó dín. Ìbéèrè tí kẹ́mísìrì ń béèrè náà nìyẹn. Ọmọ náà ti ní irinṣẹ́ yìí lọ́wọ́ kó tó dé kíláàsì, kò kàn sí ẹni tó sọ fún un pé kó mú un wọlé.

Àwọn átọ́ọ̀mù kan máa ń ya kúrò nínú ìlànà, bí ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣe ń ṣe sí wa nínú gírámà. Mẹ́rìnlélógún, chromium, ì bá ní mẹ́rin ní 3d àti méjì ní 4s. Dípò bẹ́ẹ̀ ó mú ọ̀kan láti 4s, ó ní márùn-ún ní 3d, kálukú nínú yàrá tirẹ̀. Bàbà, ọ̀kàndínlọ́gbọ̀n, ṣe irú rẹ̀: ó kún 3d tán pẹ̀lú mẹ́wàá, ó fi ọ̀kan sílẹ̀ ní 4s. Ọ̀kan ló dín ní ọgbọ̀n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tó ti dín kọ́ ni èèyàn ń retí. Àwọn tó ń ṣètò ìdánwò fẹ́ràn àwọn méjèèjì yìí gan-an.

Ó ku ọ̀rọ̀ èdè-ìperí, èyí tó jẹ́ iṣẹ́ tiwa gan-an. Ní 1970 ni Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Àwọn tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní láti jókòó wá orúkọ fún nǹkan. Ìpele àti ojúlé tẹ́ mi lọ́rùn. Yàrá ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Yàrá ní ògiri, ohun tí à ń sọ yìí kò sì ní. Láti 1926, nígbà tí Erwin Schrödinger gbé ìṣirò rẹ̀ jáde, ohun tí a lè sọ nípa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni ibi tó ṣeé ṣe jù kí a ti bá a. Kò sí ojú ọ̀nà tó ń tọ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, orbital, ṣì ń rùn orbit, ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé sì ń tìtorí rẹ̀ ya òbìrípo bí ẹni ya pápá ìsáré. Mo ronú kan sàkání. A máa ń sọ pé lágbájá wà ní sàkání ibí yìí: a kò rí i, a kò mọ ìdí àga tó jókòó sí, ṣùgbọ́n a mọ ibi tí a ó ti wá a. Sàkání s rí róbótó bí ọsàn. Ti p rí bí adó méjì tí a fi ìdí ọrùn kan ara wọn. Àbúrò mi ní yàrá ṣì dùn mọ́ òun jù, ó ní sàkání dà bí ọ̀rọ̀ inú ìròyìn rédíò.

Nọ́ọ̀sì ló padà kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB. WAEC ṣì ń bọ̀.

Spin ni mi ò tíì rí orúkọ fún. Ìyípo ni mo lò lókè yìí, ṣùgbọ́n ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kì í pòòyì bí òkòtó. Ohun kan ló jẹ́ tó bá a wáyé, tó ní ọ̀nà méjì péré tó lè gbà kọjú. Mo ronú nípa Táyé àti Kẹ́hìndé, àbúrò mi ní ìbejì kì í ṣe òdìkejì ara wọn, òun sì mọ ìbejì púpọ̀ jù mí lọ. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó dára nínú yín, pàápàá ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti gboyè jáde, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ó ti béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí.